Fíìmù Kìíní Ni Gbogbo Wa Ń Jà Lé Lórí

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ kú àpéjọ. Ẹ̀yin àgbà, mo júbà. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tẹ́ ẹ ti gbé fóònù sókè kí n tó lanu, mo kí ẹ̀yin náà. Wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí fíìmù, mo ní fíìmù wo, wọ́n ní èyí tó bá wù mí, mo wá rò ó pé tí mo bá mú fíìmù tí gbogbo èèyàn fẹ́ràn, ẹ kàn máa mirí sí mi ni, tó bá yá ẹ máa sùn lọ, tí mo bá sì mú èyí tẹ́nikẹ́ni ò fẹ́ràn, ta ló máa jókòó tì mí? Ni mo bá mú èyí tó ń dá wàhálà sílẹ̀ láàárín ọ̀rẹ́ sí ọ̀rẹ́, láàárín tọkọtaya, ìyẹn apá kejì Kingsman, The Golden Circle lorúkọ ẹ̀, oṣù kẹsàn-án ọdún 2017 ló jáde.

(Ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ ni mo tẹ̀ jáde yìí o. Mo yọ díẹ̀ kúrò, mo sì fi díẹ̀ kún un, torí náà ẹni tó wà níbẹ̀ tó wá rí nǹkan tí kò gbọ́ lọ́jọ́ náà, kó má pariwo mọ́ mi.)

Ẹni tí ò bá tíì wo èyíkéyìí nínú méjèèjì, ẹ jẹ́ n fọ̀nà hàn án. Ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2015 ni èyí àkọ́kọ́ dé ilé sinimá, Matthew Vaughn ló darí ẹ̀, inú ìwé aláwòrán tí Mark Millar àti Dave Gibbons ṣe ló ti fà á yọ. Ọmọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Eggsy, Taron Egerton ló ṣe é, inú ilé tíjọba kọ́ fún mẹ̀kúnnù ní London ló ń gbé pẹ̀lú ìyá ẹ̀, bàbá ẹ̀ ti kú, ọkùnrin tí ìyá ẹ̀ wá ń bá gbé sì jẹ́ jàǹdùkú pọ́ńbélé. Ọmọ yẹn gbọ́n, ara ẹ̀ yá, àmọ́ kò sẹ́ni tó ń wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ni Harry Hart bá dé, Colin Firth nìyẹn, pẹ̀lú kóòtù tó ṣe rẹ́gí lára àti agboòrùn tí ọta ìbọn ò lè wọlé sí, ó mú un wọ ṣọ́ọ̀bù télọ̀ kan ní Savile Row, àṣé ẹ̀yìn ògiri ṣọ́ọ̀bù yẹn ni àwọn amí tí wọ́n ń pè ní Kingsman, tí kì í ṣe ti ìjọba kankan, fi ṣe ibùdó. Níbẹ̀ ni Eggsy ti kọ́ṣẹ́ amí, ibẹ̀ náà ló ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń dúró, bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀, bí wọ́n ṣe ń wọṣọ. Ọ̀tá wọn ni Valentine, Samuel L. Jackson ló ṣe é, olówó ni, ó ń fi ahọ́n bọ eyín tó bá ń sọ̀rọ̀, ó sì fẹ́ pa èyí tó pọ̀ jù nínú aráyé rẹ́ àmọ́ kò lè rí ẹ̀jẹ̀ sójú. Tó bá rí i, á bì.

Apá kejì wá dé, kò tíì tó wákàtí kan tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n ti fi mísáìlì fọ́ gbogbo ilé Kingsman túútúú. Roxy tí òun àti Eggsy jọ kọ́ṣẹ́ kú. Ọ̀rẹ́ Eggsy kú. Ajá ẹ̀ pàápàá kú. Ó ku Eggsy, ó ku Merlin tó máa ń ti ìdí kọ̀ǹpútà darí wọn, àwọn méjèèjì jókòó ti igo wisikí kan, wọ́n mu ún, wọ́n ń sunkún, ṣebí wọ́n ní bá a bá ń sunkún à á máa ríran, inú ẹkún yẹn ni wọ́n ti rí i kà lára igo pé Kentucky ni wọ́n ti ṣe é. Bí wọ́n ṣe dé ọ̀dọ̀ àwọn Statesman nìyẹn, amí Amẹ́ríkà, àwọn yìí fi ilé iṣẹ́ ọtí bora bí àwọn ti London ṣe fi ṣọ́ọ̀bù télọ̀ bora, orúkọ ohun mímu sì ni gbogbo wọn ń jẹ́, Tequila, Whiskey, Champagne, Ginger Ale. Ọ̀tá tọ̀tẹ̀ yìí ni Poppy, Julianne Moore ló ṣe é, oníṣòwò egbòogi olóró tó kọ́ ìlú kékeré kan sínú igbó ní Cambodia, ìlú yẹn dà bí Amẹ́ríkà nígbà tí àwọn bàbá bàbá wọn ń ṣèṣe ọmọkùnrin, àwọn ọdún 1950 yẹn. Ó fi májèlé sínú ọjà ara ẹ̀, ó ní kí Ààrẹ Amẹ́ríkà sọ egbòogi di ohun tófin gbà tàbí kí gbogbo àwọn tó ti lò ó kú. Ó tún jí Elton John olórin gbé. Elton John fúnra ẹ̀ mà ni o, kò ṣe ẹlòmíì, orúkọ ara ẹ̀ ló ń jẹ́ níbẹ̀.

Ó dáa. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń gbọ́ àríyànjiyàn fíìmù yìí, mo wá ṣàkíyèsí nǹkan kan. Tẹ́ ẹ bá jẹ́ kẹ́ni tó ń bínú sí apá kejì sọ̀rọ̀ fún bí ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ máa gbọ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ti kìíní. Ẹni tó ń gbèjà ẹ̀ náà, ti kìíní ló máa fi gbèjà ẹ̀. Mo wá rí i pé kò sẹ́ni tó ń bá apá kejì jà gan-an, ìjà ohun tí fíìmù kìíní jẹ́ là ń jà, a kàn dúró lé apá kejì lórí jà á ni.

Torí ẹgbẹ́ méjì ló wà. Èmi ń pè wọ́n ní ará ṣọ́ọ̀bù àti ará ṣọ́ọ̀ṣì.

Ará ṣọ́ọ̀bù ni àwọn tó gbà pé ìtàn ọmọ tálákà tí wọ́n sọ di ọmọlúàbí ni fíìmù kìíní. Ṣọ́ọ̀bù télọ̀ yẹn ló wà lọ́kàn wọn, ọjọ́ tí wọ́n wọn Eggsy fún kóòtù àkọ́kọ́. Ẹ rántí gbólóhùn tí Harry sọ kó tó ti ilẹ̀kùn ilé ọtí pa tó sì lu àwọn jàǹdùkú yẹn bolẹ̀, tá a bá fẹ́ sọ ọ́ lédè wa a lè ní ìwà ló ń sọ èèyàn dèèyàn. Àwọn kan rò pé fíìmù ló dá gbólóhùn yẹn sílẹ̀, rárá o, òun ni Winchester College àti New College tó wà ní Oxford fi ṣe ọ̀rọ̀ àmì wọn, William of Wykeham ló dá méjèèjì sílẹ̀, New College lọ́dún 1379, Winchester lọ́dún 1382. Ọ̀rọ̀ ilé ìwé àwọn ọmọ ọlọ́lá ni Harry mú wọ ilé ọtí àwọn mẹ̀kúnnù, tó sì fi kọ́ ọmọ tí irú ilé ìwé bẹ́ẹ̀ ò ní jẹ́ kó kọjá géètì. Àwọn yòókù tí wọ́n jọ ń kọ́ṣẹ́ ń fi ṣe yẹ̀yẹ́, Charlie ló burú jù nínú wọn. Ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀, ọmọ yẹn mọ̀ ọ́n lára kó tó mọ̀ ọ́n lórí. Fún ará ṣọ́ọ̀bù, kì í ṣe kóòtù ló dùn, ọ̀nà tó gbà dé inú kóòtù ni.

Ará ṣọ́ọ̀ṣì ní tiwọn, ẹ ti mọ̀ wọ́n. Ẹ bi wọ́n pé kí ni Kingsman, wọ́n á ní ìjà inú ṣọ́ọ̀ṣì yẹn ni. Harry wà nínú ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Kentucky, Valentine tan ẹ̀rọ kan tó ń mú kí wèrè bo gbogbo èèyàn, ni gbogbo ìjọ bá dìde síra wọn, Harry náà dìde, gìtá ń ké, kámẹ́rà ń fò láti orí ẹni dé orí ẹni bíi pé kò ṣẹ́jú rárá, ẹni kan ṣoṣo ló jáde láàyè. Mi ò ní parọ́, mo ti wo ibẹ̀ ju iye tó yẹ kí àgbàlagbà wò ó lọ. Fún ará ṣọ́ọ̀ṣì, ohun tí wọ́n fẹ́ ní apá kejì ni irú ẹ̀ sí i, kó yára sí i, kó pọ̀ sí i. Matthew Vaughn sì fún wọn. Takisí dúdú tí wọ́n fi sáré ní London níbẹ̀rẹ̀, Charlie tó ti di ọlọ́wọ́ irin, ọkọ̀ orí wáyà tó ń yí bírí bírí bọ̀ látorí òkè yìnyín ní Italy, àwọn ajá onírin Poppy, okùn tó ń tàn yànràn tí Whiskey fi ń gé èèyàn sí méjì. Ará ṣọ́ọ̀ṣì jáde pẹ̀lú ẹ̀rín. Ará ṣọ́ọ̀bù dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń bi ara wọn pé Eggsy dà?

Torí apá kejì bá ọmọ yẹn níbi tó ti wọ kóòtù tán ni. Kí ló kù fún un láti kọ́? Ìran kan wà tó rántí ìbéèrè yẹn, nígbà tó lọ jẹun lọ́dọ̀ àwọn òbí Tilde tó ń fẹ́, ọba àti olorì Sweden, ọba ń fi ìbéèrè wò ó bóyá ọmọ gidi ni, Roxy ń ti ọ̀nà jíjìn sọ ìdáhùn sí i létí. Mo fẹ́ràn ibẹ̀ gan-an. Ọmọ yẹn ti gba ayé là, ó sì tún ń làágùn níwájú oúnjẹ àna, ìyẹn gan-an ni ìtàn tí ará ṣọ́ọ̀bù wá wò. Ibẹ̀ náà ni mísáìlì dé. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ létí ẹ̀ mọ́, látìgbà náà lọ fíìmù di ti ẹlòmíì.

Ẹ jẹ́ ká ka owó díẹ̀, mi ò ní pẹ́ níbẹ̀. Fíìmù kìíní pa bíi mílíọ̀nù 414 dọ́là káàkiri ayé, èkejì pa bíi mílíọ̀nù 410. Ẹni tó bá wò ó báyìí á ní ọgbọọgba ni. Àmọ́ ẹ tú u wò. Ní Amẹ́ríkà, èyí àkọ́kọ́ pa bíi 128 mílíọ̀nù, èkejì já sí bíi 100. Ẹ gbọ́ mi yé o, wọ́n gbé ìtàn kúrò ní London, wọ́n gbé e lọ sí Kentucky, wọ́n fi Channing Tatum, Halle Berry, Jeff Bridges, Pedro Pascal kún un, wọ́n dé wọn ní fìlà kábọ́ọ̀yì, ará Amẹ́ríkà wá dínkù! Òkè òkun ló gbé e dúró, láti bíi 286 ó lọ sókè dé bíi 310. Ará Amẹ́ríkà ò nílò kí wọ́n fi Amẹ́ríkà hàn wọ́n, wọ́n ní tiwọn nílé. London tó mọ́ tónítóní tó sì burú yẹn ni wọ́n wá wò nígbà àkọ́kọ́. Tatum tún wá jẹ́ ìbínú mìíràn lọ́tọ̀, wọ́n lẹ àwòrán ẹ̀ káàkiri, èèyàn ra tíkẹ́ẹ̀tì tán, wọ́n gbé e sínú yìnyín láìpẹ́ láìjìnnà, ìgbà tó máa jí, fíìmù ti parí.

Ti àwọn tó ń fún fíìmù ní máàkì náà dùn ún gbọ́. Ilé iṣẹ́ kan wà ní Amẹ́ríkà, CinemaScore, wọ́n máa ń fún àwọn òǹwòran ní káàdì lálẹ́ ọjọ́ tí fíìmù bá kọ́kọ́ jáde, kí wọ́n fi A títí dé F dá a lẹ́jọ́. Kingsman kìíní gba B+. Èkejì gba B+. Ẹ wá lọ wo Rotten Tomatoes tó ń ka àwọn alárìíwísí, kìíní rí bíi mẹ́ta nínú mẹ́rin tó sọ̀rọ̀ ẹ̀ dáadáa, èkejì rí bí ìdajì péré. (Àlàyé díẹ̀ torí gbogbo èèyàn ló ń ṣì í lò: 51 tẹ́ ẹ máa ń rí níbẹ̀ kì í ṣe pé fíìmù gba máàkì 51 nínú ọgọ́rùn-ún o, ó túmọ̀ sí pé nínú ọgọ́rùn-ún alárìíwísí bíi 51 ló ní ó dáa, bí wọ́n tilẹ̀ fẹ́ràn ẹ̀ ní fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́.) Báwo wá ni máàkì àwọn òǹwòran ṣe dọ́gba? Ó rọrùn. Ẹni tó sáré ra tíkẹ́ẹ̀tì ọjọ́ àkọ́kọ́ ti pinnu pé òun máa gbádùn ara òun kó tó jókòó. Ayé fẹ́ràn ariwo, iná, orin. Ó jáde, ojú ẹ̀ ń dán, wọ́n na káàdì sí i, ó fún un ní B+. Ìgbà tó délé, tó bọ́ bàtà, tó dùbúlẹ̀, ló wá ṣí ojú lójijì ní òkùnkùn, ó ní, ìyẹn ni pé Harry ò kú rárá?

Ibẹ̀ mà ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Ẹ padà sí fíìmù kìíní pẹ̀lú mi. Harry jáde nínú ṣọ́ọ̀ṣì yẹn, ó wo ọwọ́ ara ẹ̀, inú ẹ̀ ò dùn sí nǹkan tó ṣe, ohun tí ará ṣọ́ọ̀ṣì máa ń gbàgbé nìyẹn, ìjà yẹn ò parí síbi gìtá, ibi tí ọkùnrin kan ti rí i pé òun ti di apààyàn rẹpẹtẹ ló parí sí. Valentine dúró síwájú ẹ̀. Ó rán an létí irú àwọn fíìmù amí àtijọ́ táwọn méjèèjì jọ fẹ́ràn, níbi tí ọ̀tá á ti máa sọ̀rọ̀ lọ títí tí akọni á fi ráyè sá. Ó ní irú fíìmù yẹn kọ́ lèyí. Ó yìnbọn fún un lójú. Gbogbo ilé sinimá dákẹ́. Ohun tó mú kí fíìmù yẹn yàtọ̀ sí gbogbo fíìmù amí nìyẹn, ó bá wa ṣàdéhùn pé níbí, ẹni tó bá kú ti kú.

Apá kejì wá ní jẹ́ẹ̀lì kan wà. Statesman ló ní i, wọ́n á fi wé orí ẹni tí wọ́n yìnbọn mọ́, á jí. Ojú òsì nìkan ni Harry pàdánù, àti iyè ẹ̀ fúngbà díẹ̀. Nígbà tó tún yá, Harry yìnbọn mọ́ Whiskey lórí, wọ́n tún sáré fi jẹ́ẹ̀lì wé e, Whiskey tún jí. Ikú di àìsàn kékeré. Wọn ò tiẹ̀ tún fi ìpadàbọ̀ Harry pamọ́ fún wa, ó ti wà nínú ìpolówó pẹ̀lú aṣọ dúdú tó fi bo ojú kan, àwọn tó sunkún ẹ̀ lọ́dún 2015 ti rí i lára ògiri kí wọ́n tó wọlé.

Àwọn tó gbèjà ẹ̀ ní èrò tiwọn, mi ò sì ní fọwọ́ rọ́ ọ tì. Wọ́n ní Colin Firth dáa jù nínú èyí kejì. Wọ́n ti Harry mọ́ yàrá kan, kò rántí pé amí lòun, labalábá nìkan ló ń rí, ó ń yà wọ́n sára ògiri, ó ń sọ̀rọ̀ bí ọmọ jẹ́jẹ́. Eggsy gbìyànjú gbogbo ẹ̀ títí, ìgbà tó gbé ọmọ ajá kékeré kan wá tó dà bí ajá tí Harry ní nígbà kan, tó na ìbọn sí i, ni iyè ẹ̀ sọ padà. Wọ́n ní ṣé ìyẹn ò mú yín lọ́kàn ni? Ó mú mi. Mo gbà.

Àmọ́ ẹ jẹ́ n fi ìran kan hàn yín tí mi ò tíì gbọ́ kẹ́nikẹ́ni sọ ohun tí mo rí níbẹ̀. Lẹ́yìn tí iyè Harry sọ, òun àti Eggsy àti Whiskey wà nílé ọtí kan ní Kentucky, àwọn jàǹdùkú ibẹ̀ wá wọ́n níjà. Harry dìde. Ó lọ sẹ́nu ọ̀nà. Ó ti ilẹ̀kùn pa, bó ṣe ṣe é ní London lọ́jọ́sí gẹ́lẹ́. Ó sọ gbólóhùn yẹn, ìwà ló ń sọ èèyàn dèèyàn. Gbogbo wa nílé sinimá ti ń rẹ́rìn-ín sílẹ̀, ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ti ń lu itan. Ó ju kọ́ọ̀pù, kò bá ẹnikẹ́ni. Ojú kan ṣoṣo ló kù fún un, kò mọ bí nǹkan ṣe jìnnà tó mọ́. Wọ́n fẹ̀ṣẹ́ gbá a, ó ṣubú. Whiskey ló wá dìde tó fi okùn ẹ̀ parí ìjà náà, ó dára lójú, ó yára, gbogbo wa pàtẹ́wọ́.

Ẹ wò ó dáadáa. Ilẹ̀kùn kan náà, gbólóhùn kan náà, ọkùnrin kan náà, kọ́ọ̀pù ò bá ẹnikẹ́ni, ni àlejò tó gbóná jù ú wá gba ìran lọ́wọ́ ẹ̀. Apá kejì ló ń sọ ìtàn ara ẹ̀ fún wa níbẹ̀ yẹn! Mi ò mọ̀ bóyá olùdarí mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é, ṣùgbọ́n mi ò rò pé èèyàn lè ṣèèṣì ṣe irú ẹ̀. Nígbàkígbà tẹ́nì kan bá sọ fún mi pé fíìmù yẹn ò gbọ́n, ìran yẹn ni mo máa ń nà sí i. Ó gbọ́n tó láti mọ̀ pé òun ti tàsé. Ohun tí kò ní ni ìgboyà láti dúró síbẹ̀, torí kí fíìmù tó parí Harry ti ń ju nǹkan tó ń bá.

Poppy ńkọ́? Julianne Moore gbìyànjú o, ẹ̀rín ẹ̀ dà bí ìyá tó ń fún ọmọ ní súìtì, ó sì ń fi ẹ̀rọ lọ èèyàn ṣe bọ́gà. Àmọ́ kí ló dé tí Valentine dúró lọ́kàn wa jù ú lọ? Ẹ rántí pé Valentine pe Harry wá jẹun alẹ́, ó gbé McDonald's sínú àwo fàdákà síwájú ẹ̀ pẹ̀lú wáìnì, àwọn méjèèjì jókòó, wọ́n ń purọ́ fúnra wọn tẹ̀yẹtẹ̀yẹ. Ọ̀tá àti akọni jọ jẹun. Poppy ò kúrò nínú igbó ẹ̀, Eggsy ò sì fojú kàn án àfìgbà tó kù díẹ̀ kí gbogbo ẹ̀ parí. Ẹ má torí ẹ̀ dá òṣèré lẹ́bi, ẹni tó kọ ọ́ ló tì í mọ́lé. Ọ̀tá tó dùn jù nínú fíìmù yẹn gan-an ni Ààrẹ Amẹ́ríkà tó rò ó pé táwọn tó ń lo egbòogi bá kú tán, ìṣòro egbòogi ti parí nìyẹn, ó wá ń kó wọn sínú àgò ní pápá ìṣeré, àtẹni tó fi mu ìgbà kan péré àtẹni tí wọ́n fi wo àìsàn. Àwọn tó fẹ́ràn fíìmù yìí, ibẹ̀ ni wọ́n máa ń dúró lé, ọ̀rọ̀ wọn sì wúwo, torí fíìmù kìíní ò sọ ohun tó le tó báyẹn.

Ti aṣọ, mo máa yára sọ ọ́. Arianne Phillips ló ṣètò aṣọ méjèèjì, iwájú ṣọ́ọ̀bù télọ̀ Huntsman ní Savile Row ni wọ́n sì yà fún ìta ṣọ́ọ̀bù tẹ́ ẹ rí. Wọ́n ta àwọn aṣọ yẹn lóòótọ́, Mr Porter, ilé ìtajà aṣọ ọkùnrin orí íńtánẹ́ẹ̀tì, ló tà wọ́n, nígbà tí èkejì dé wọ́n tún ṣe wisikí gidi tí wọ́n kọ Statesman sí lára. Àwọn òǹwòran kan ní ó ti dà bí ìpolówó ọjà tó gùn ní wákàtí méjì àtìṣẹ́jú mọ́kànlélógún. Èmi ò bínú sí jákẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ ọsàn Eggsy yẹn o, tó bá bá mi lára mu màá wọ̀ ọ́ wá síbí. Àmọ́ nínú èyí àkọ́kọ́, kóòtù ní ohun tó ń sọ, nínú èkejì ó kàn dára ni.

Ìran ibi àjọ̀dún orin Glastonbury, ẹ ti mọ èyí tí mò ń sọ, ibi tí Eggsy ti ní láti fi ẹ̀rọ kan sára ọmọbìnrin kan níbi tí kò yẹ. Ọ̀pọ̀ obìnrin tí mo bá sọ̀rọ̀ ní ibẹ̀ làwọn ti fẹ́ dìde, àwọn ọkùnrin kan náà sọ bẹ́ẹ̀. Mo wà lẹ́yìn wọn. Ẹni tó bá ní àwàdà ni, kó wò ó pẹ̀lú ìyá ẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé fíìmù kan náà ló mú àwàdà játijàti tó fi parí apá kìíní, ti Tilde yẹn, tó sọ ọ́ di ìfẹ́, tó sọ ọ́ di ìgbéyàwó. Ọwọ́ kan ń tún un ṣe, ọwọ́ kejì ń bà á jẹ́.

Ẹnì kan á ní, ṣebí owó wọlé, kí la tún ń sọ. Mission: Impossible 2 tí John Woo darí lọ́dún 2000, òun ló pawó jù láyé lọ́dún yẹn, ó lé ní mílíọ̀nù 540 dọ́là, ó ju ti kìíní lọ dáadáa. Ẹyẹlé ń fò, alùpùpù ń yí, irun Tom Cruise ń fẹ́ lẹ́lẹ́. Ẹ wá ní káwọn tó fẹ́ràn Mission: Impossible to gbogbo ẹ̀ láti orí dé ìdí, ẹ wo ibi tí wọ́n máa fi sí. Owó tí apá kejì ń pa, fíìmù kìíní ló ń jẹ́ kí wọ́n san án.

Mo ní ohun kan sí i kí n tó jókòó. Merlin. Mark Strong ló ṣe é, ọkùnrin tó máa ń wà nídìí kọ̀ǹpútà pẹ̀lú bébà lọ́wọ́, tí kì í jáde. Eggsy tẹ bọ́ǹbù abẹ́ ilẹ̀ nígbó Poppy, Merlin fi ọgbọ́n gba ipò ẹ̀ lórí ẹ̀, ó dúró síbẹ̀, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orin John Denver lóhùn rara, àwọn ẹ̀ṣọ́ ń sún mọ́ ọn, ó ń kọrin. Ará ṣọ́ọ̀bù sunkún, ará ṣọ́ọ̀ṣì sunkún. Ibẹ̀ nìkan lẹgbẹ́ méjèèjì ti pàdé.

Tàbí kí n ní ibẹ̀ ló yẹ kí wọ́n ti pàdé. Nítorí lọ́jọ́ tí mo wò ó, bí bọ́ǹbù yẹn ṣe dún, obìnrin kan níwájú mi fọwọ́ bo ẹnu, ọkùnrin tó bá a wá tẹ̀ sí i létí, ó ní má sunkún jàre, ó máa padà wá ní apá kẹta. Mo tún gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíì lóde. Mo tún gbọ́ ọ lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Gbogbo ohun tí Mark Strong fi sínú orin yẹn, jẹ́ẹ̀lì tí wọ́n fi wé orí Harry ti jẹ ẹ́ tán kó tó lanu. Òkú Merlin ló san gbèsè Harry.

Ibi tí mo dé rèé tí wọ́n ní kí àwọn èèyàn béèrè ọ̀rọ̀. Ọ̀dọ́kùnrin kan bi mí pé kí èmi gan-an sọ, ṣé mo fẹ́ràn ẹ̀ àbí mi ò fẹ́ràn ẹ̀, kí n yé lọ́ ọ lọ́rùn. Mo ní mo ti wò ó lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ̀ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni mo bínú, mo sì tún máa wò ó.

Ìyá àgbà kan ló wá na ọwọ́ láti ẹ̀yìn, wọ́n ti wo méjèèjì pẹ̀lú àwọn ọmọ wọn. Wọ́n ní gbogbo ohun tí mo sọ làwọn gbọ́, àwọn ò bá mi jiyàn, àmọ́ kí ló dé tí wọn ò fi jẹ́ẹ̀lì yẹn wé ajá?

Mo ní Mà, ìbọn kọ́ ló pa ajá, mísáìlì ni, ilé wó lù ú.

Wọ́n ní, bẹ́ẹ̀ náà lẹ ṣe sọ pé Harry kú.

Mi ò rí nǹkan kan sọ. Mo jókòó.